Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́fà Lẹ́yìn Ìyá

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B lè ka ìwé láti páálí dé páálí? Fún un ní ìwé aláwòrán, kí o máa wò ó.

Mú Baby Goes to Market. Ó jáde ní 2017. Atinuke tí wọ́n bí n'Íbàdàn ló kọ ọ́, Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀.

Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀ orí ìyá. Wọ́n fún un ní ọsàn márùn-ún. Ó jẹ ọ̀kan, mẹ́rin wọ apẹ̀rẹ̀. Chin-chin mẹ́rin tún ń bọ̀! Àgbàdo sísun mẹ́ta! Àgbọn méjì!

Ṣírò ó. Ẹ̀bùn 20. Márùn-ún wọ ikùn, 15 wà lórí ìyá. Ìyá ò sì mọ nǹkan kan!

Ta ló mọ̀? Ọmọ tó ń wo àwòrán ni. Kò ní jẹ́ kí o ṣí ojú ewé kejì kó tó fi ìka hàn ọ́.

Gbé ìwé náà dé Uwasota, ní ìlú Benin, kí ẹ fi Ẹ̀dó ka ọsàn náà. Eva ni méjì. Eha ni mẹ́ta. Ene ni mẹ́rin. Ṣé o ò gbọ́ bí eha ṣe jọ ẹ̀ta?

Ìwé aláwòrán ọmọdé tí àwọn òyìnbó fi ń yangàn, ti òǹkọ̀wé Comenius, 1658 ló jáde. Ó pẹ́, àbí? Àwọn pátákó idẹ tí wọ́n kàn mọ́ òpó ààfin Benin ti wà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n lé ní 850. Ọba, jagunjagun, ẹja, àmọ̀tẹ́kùn, kò sí lẹ́tà kan lára wọn!

Ìwé ọmọdé Green Eggs and Ham ti 1960 ńkọ́? Oríṣi ọ̀rọ̀ 50 péré ló wà nínú rẹ̀. O ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o tó ra ata láàárọ̀ yìí.

Ó kù! Ní 1969, Eric Carle gbé The Very Hungry Caterpillar jáde, ihò wà lára ojú ìwé. Kòkòrò ló jẹ ẹ́ lu! Ọmọdé á ki ìka bọ̀ ọ́, ìka á yọ lódì kejì. Japan ni wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé, kòkòrò yìí jẹ oúnjẹ oríṣi mẹ́wàá. Inú run ún. Ní Sọ́ńdè, ewé tútù kan ṣoṣo ló jẹ, ara rẹ̀ yá.

Ebe ni ewé lédè Ẹ̀dó. Ìwé ńkọ́? Ebe náà ni! Ní Uwasota, kòkòrò yẹn ń jẹ ebe nínú ebe.