Fíìmù Kúkúrú Àdáni Nípa Àyíká, Ìdákẹ́rọ́rọ́ àti Ọ̀rẹ́: Ọ̀nà Kan Láti Kọ́ni ní Àròkọ Aṣàpèjúwe

Ìfáárà

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, tí a sì ń yẹ ìwé ìdánwò wọn wò, ni a mọ ìṣòro tí ó wà nínú àròkọ aṣàpèjúwe. Bí a bá ní kí ọgbọ̀n ọmọ ṣàpèjúwe ọjà ìlú wọn, ọjà kan náà ni a ó bá nínú ìwé ọgbọ̀n: èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, olówó ń rà, ọlọ́jà ń tà. Bí ó bá ṣe igi ni a ní kí wọ́n ṣàpèjúwe, igi náà yóò ga fíofío, ewé rẹ̀ yóò tutù yọ̀yọ̀, ó parí. Kò sí ọjà kan pàtó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kan pàtó. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni pé wọn kì í wo nǹkan. Ohun tí ẹlòmíràn wò ni wọ́n há sórí, òun náà ni wọ́n ń dà sínú ìwé.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà kan tí a ti dán wò nínú kíláàsì wa láti wo àrùn yìí sàn. Ọ̀nà náà ni pé kí ọmọ fi fóònù ya fíìmù kúkúrú tí kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ, nípa ohun àyíká tí ó sún mọ́ ọn àti ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn, kí ó tó jókòó kọ àròkọ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ bí a ti ń ṣe é, àti bí olùyẹ̀wò ṣe lè gba máàkì lé iṣẹ́ tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde.

Kí ni fíìmù àdáni?

Bí a bá ti dárúkọ fíìmù, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lọ sí irú Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, tàbí Saworoide tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Àwọn wọ̀nyí ní ìtàn, wọ́n ní òṣèré, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Fíìmù àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Bí lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ti rí sí ìwé ìtàn àròsọ, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù àdáni rí sí fíìmù àwọn eléré.

Irú fíìmù yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejìlá, ọdún 1895, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière fi fíìmù han àwọn tí ó sanwó wòran ní ìlú Paris, kò sí èyí tí ó gùn ju bí ìṣẹ́jú kan lọ nínú ohun tí wọ́n fi hàn, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára ẹ̀rọ wọn mọ. Wọn a gbé ẹ̀rọ náà ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò ní kúrò lójú kan. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà fi Auguste Lumière àti ìyàwó rẹ̀ hàn níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ wọn ní oúnjẹ nínú ọgbà. A gbọ́ pé ohun tí ó ya àwọn òǹwòran lẹ́nu jù kì í ṣe ọmọ náà bí kò ṣe ewé igi tí afẹ́fẹ́ ń mì lẹ́yìn wọn. Ewé igi tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni o! Ìgbà tí wọ́n rí i nínú àwòrán ni wọ́n tó wò ó.

Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́. Margaret Tait, ọmọ erékùṣù Orkney ní Skọ́tíláǹdì (1918–1999), tí ó jẹ́ dókítà oníṣègùn, ya fíìmù bí ìṣẹ́jú 4 nípa ìyá rẹ̀ ní 1952. Kò sí ìtàn ńlá kankan nínú rẹ̀: ìyá náà ń rìn lójú ọ̀nà, ó ń mu sìgá, ó ń tú bébà ara súìtì. Síbẹ̀, bí a bá wò ó tán, a ti mọ obìnrin náà. Jonas Mekas, ọmọ ilẹ̀ Lithuania tí ogun lé dé New York ní 1949, ń fi ẹ̀rọ kékeré ya àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, yìnyín àti igi ìlú náà díẹ̀díẹ̀. Irú ègé bẹ́ẹ̀ ni ó tò pọ̀ tí ó fi di fíìmù Walden ní 1969. Abbas Kiarostami, ọmọ ilẹ̀ Ìránì, ní tirẹ̀, gbé fíìmù Five jáde ní 2003. Etí omi ni ó ti yà á, ìran 5 péré ni ó sì wà nínú rẹ̀: pákó kan tí ìgbì ń gbá kiri, àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí ń kọjá, òṣùpá nínú adágún tí àkèré ti ń ké, àti irú wọn.

Ìdákẹ́rọ́rọ́

Àwọn àgbà wa ní ohun tí àgbàlagbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí ìrókò, kò lè rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń pa òwe yìí láti fi gbé àgbà ga. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ náà wò: ìjókòó ni òwe náà fi ṣáájú. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ni nǹkan ń wá bá.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé àwọn àgbà kan náà kọ́ ni ó sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ẹni tí ó kọ̀ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni òwe yẹn ń bá wí. Ìdákẹ́ ọdẹ tí ó wà lórí ẹ̀gùn ni tiwa. Ọdẹ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sùn, etí rẹ̀ kò sì dí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i fún wa, àwa gan-an ni a sì jẹ̀bi. Ohun tí a sọ fún àwọn ọmọ ni pé, 'Ẹ lọ ya fíìmù nípa àyíká yín.' Ijó ni wọ́n jó wá. Àwọn tí kò jó ń ju fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún títí òòyì fi fẹ́ máa kọ́ àwa tí a ń wò ó. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe ìlànà wọ̀nyí. Fún ìrọ̀rùn, a ó máa pe àwòrán tí a yà láti ìgbà tí a tan ẹ̀rọ títí di ìgbà tí a pa á ní 'ìwò kan'.

(i) Wíwò láìsí fóònù. Kí ọmọ lọ jókòó sí ibi tí ó yàn fún ìṣẹ́jú 10. Kí ó kọ ohun 5 tí ó rí àti ohun 3 tí ó gbọ́. Ẹni tí kò bá rí 5 yóò padà lọ jókòó.

(ii) Gbígbé fóònù kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti mú fóònù wá, nítorí náà fóònù olùkọ́ kan ṣoṣo ni a ń lò, àwọn ọmọ a sì máa gbà á ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù tàbí àga, kí wọ́n fi òkúta tì í, kí wọ́n sì mú ọwọ́ kúrò. Ìwò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí nǹkan bá kọjá lọ, kí wọ́n má ṣe fi fóònù lé e.

(iii) Ìmọ́lẹ̀ àti ìró. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa sọ abẹ́ ojú ènìyàn di dúdú. Bí oòrùn bá sì wà lẹ́yìn ẹni tí à ń yà, ojú rẹ̀ kò ní hàn. Kí wọ́n fi ara dí afẹ́fẹ́ kí ó má baà máa hó lé ìró mọ́lẹ̀.

(iv) Títò pọ̀. Kí wọ́n yan ìwò 6 péré. Ìwò 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Yíyàn yìí ni ẹ̀kọ́ pàtàkì, nítorí pé bí a ti ń to ìwò ni a ń to ìpínrọ̀: èwo ni yóò ṣáájú, èwo ni yóò kẹ́yìn, kí sì ni ìdí rẹ̀?

(v) Ìwà ọmọlúàbí. Ọmọ kò gbọdọ̀ kọ fóònù sí àgbà láìkí i, láìtọrọ àyè. Ohun tí ó jẹ́ awo tàbí ọ̀rọ̀ ìdílé ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń yà. Fíìmù náà kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò nínú kíláàsì bí òbí kò bá fọwọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ kan

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn ẹ̀gà ti fi ìtẹ́ kún ọ̀pẹ náà. Ní sáà yẹn, àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń múra àtikó lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ náà kò sọ fún wa. Ìwò 5 àkọ́kọ́ nínú fíìmù rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pẹ, ti ẹ̀gà, ti ìtẹ́ tí ó já bọ́ sílẹ̀, ti ẹsẹ̀ méjì méjì lórí búlọ́ọ̀kù kan, àti ti ọ̀rẹ́ náà tí ó ń wo òkè láìsọ̀rọ̀. Ìwò kẹfà ni búlọ́ọ̀kù náà nìkan. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ariwo ẹ̀gà kò sì dákẹ́. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: gbogbo wa ni a mọ òwe náà, ṣùgbọ́n kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́ ní ọjọ́ tí a wo fíìmù yìí.

Nínú àròkọ tí ọmọ yìí kọ ṣáájú, 'ẹyẹ ń kọrin dídùn lórí igi' ni gbogbo ohun tí ó ní láti sọ. Nínú èyí tí ó kọ lẹ́yìn fíìmù, akọ ẹ̀gà ń fi ẹnu ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hun ún mọ́ra, ó sì ń so rọ̀ sábẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, ó ń ju apá pépé kí abo lè yà wò ó. Ọmọ náà kíyè sí i pé ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì wọ́n ọn, ó lọ bá ìyá tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó là á yé e pé imọ̀ yàtọ̀ sí màrìwò. Èyí ni a pè ní èrè. Ohun tí ó rí ni ó jẹ́ kí ó wá ọ̀rọ̀ kiri. Bí àwọn ọmọ wa kò bá wo ẹyẹ àti igi mọ́, kí ni wọn yóò fi orúkọ wọn ṣe?

Ìgbéléwọ̀n

Ní èrò tiwa, kò yẹ kí a gba máàkì lé fíìmù fúnra rẹ̀, nítorí pé fóònù kò dọ́gba, èdè Yorùbá ni a sì ń kọ́. Àròkọ ni kí a gba máàkì lé. Nínú máàkì 20, a dábàá 6 fún ohun pàtó tí ọmọ rí, 4 fún ìró àti òórùn, 4 fún ìtò ìpínrọ̀, àti 6 fún ìlò èdè àti àkọtọ́. Ọ̀rọ̀ bíi 'fíofío' kò ní pàdánù máàkì bí igi náà bá ga lóòótọ́, tí ọmọ sì sọ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n.

Ìkádìí

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti sọ pé iṣẹ́ yìí ń jẹ àkókò. Bẹ́ẹ̀ ni, píríọ́dù mẹ́rin ni ó gbà wá. Wọ́n tún sọ pé a kì í mú fóònù wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Òótọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n ojú tí ọmọ fi jókòó wo ọ̀pẹ náà yóò bá a wọlé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ni ó di òǹkọ̀wé, àwọn kan ṣì ń mú ọjà àtijọ́ yẹn wá fún wa. A rọ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n dán an wò fún sáà kan, kí àwọn fúnra wọn sì kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó rán ọmọ.