Ohun tí Àwọn Òkè Èkìtì Kọ́ Wa

Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánjì Akíntóyè tẹ ìwé jáde lórí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti 1840 sí 1893. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí ìgbé-ayé àwọn ará Èkìtì láàrin òkè àti igbó: ìlú kéékèèké, ọba púpọ̀, olúkúlùkù dá dúró. Òkè dáàbò bò wọ́n, ó sì pààlà sáàrin wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń ni wọ́n lára, wọ́n bá Ìjẹ̀ṣà dìmọ̀ pọ̀ ní 1878. Èyí ni Èkìtìparapọ̀. Ní 1886 ni a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, Èkìtì sì gba òmìnira.

Ìwé nìkan kọ́ ni òpìtàn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹnu àwọn àgbà pẹ̀lú ni. Àgbà tí ó bá sì ti kú, a kò lè bi í léèrè mọ́.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìjẹ̀gùn níbí, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọmọ wa ti wá, púpọ̀ wọn kò sì mọ oríkì ìdílé wọn. Àwa ni a jẹ̀bi. Mósè pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa bi àwọn àgbà wọn léèrè. Ẹ jẹ́ kí a bi tiwa, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà.