Kí Òòlù Tó Kan Àjà: Àyẹ̀wò Asbestos Ṣáájú Àtúnṣe Ilé ní Kémta

Ní Abẹ́òkúta, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni àwọn káfíńtà máa ń ríṣẹ́ òrùlé ṣe jù. Òjò ti dá, ọmọ tó wà lókè òkun ti fowó ránṣẹ́, onílé sì fẹ́ kí síìlìn POP tàbí PVC ti wà lókè kí àlejò ọdún tó dé. Inú oṣù wọ̀nyí kan náà ni ọyẹ́ máa ń mú, tí gbogbo nǹkan á gbẹ, tí eruku tó bá dìde kò ní tètè balẹ̀. Bí àjà tí wọ́n fẹ́ tú bá ní asbestos nínú, àsìkò tó tẹ́ káfíńtà lọ́rùn jù yìí ló burú jù fún ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún sùn sábẹ́ irú àjà bẹ́ẹ̀ lè má rí láburú kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ ọ ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú káfíńtà, kí ó má ṣe tẹ̀ lé e.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa asbestos. Ó máa ń ya sí fọ́nrán-fọ́nrán tí ojú kò lè rí, iná kì í jó o, ó sì máa ń di sìmẹ́ńtì mú bí koríko ṣe ń di amọ̀ ògiri mú. Ìwọ̀n 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe pátákó síìlìn, òrùlé onígbì-ígbì àti páìpù omi. Ọdún 1959 ni wọ́n dá Nigerite, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní Ìkẹjà, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ni Eternit. Òmíràn tún dìde ní Emene lẹ́bàá Enugu. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Ewékorò, nílẹ̀ Ẹ̀gbá gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní 1960. Nígbà tí wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú, ilé kò sì tó wọn í gbé. Ọ̀pọ̀ ilé tó dìde ní Ìbarà, ní Aṣerò àti ní Ìdí-Abà, níbi tí ẹsíteètì Kémta wà, ìgbà tí pátákó yìí ń lọ lọ́jà ni wọ́n kọ́ wọn. Ẹni tó bá gun àpáta Olúmọ tó bojú wo Kémta àtijọ́, Ìtòkò àti Aké, páànù tó ti dípẹtà ni yóò rí lọ súà, ó sì lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan wọn níbẹ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó wọ pálọ̀, kí ó gbójú sókè. Pátákó pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ìpàdé wọn, tí òjò tó ń jò ti yà ní máàpù sí lára: ohun tí à ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀rí ewu asbestos kì í ṣe tuntun. Ní 1960, J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ènìyàn 33 ní South Africa tí wọ́n ní mesothelioma, jẹjẹrẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Púpọ̀ nínú wọn kò wa kùsà rí. Ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń wà á ni wọ́n kàn gbé, àwọn mìíràn láti kékeré. Lónìí, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti fi gbogbo oríṣi asbestos sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, ìyẹn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó yẹ kí onílé Kémta fọkàn sí jù, ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà ló ti wá. Ìwádìí tí Julian Peto àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Britain ní 2009 fi hàn pé nínú àwọn káfíńtà tí wọ́n bí láàárín 1940 sí 1949, tí wọ́n sì ti lo ju ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bí ẹnì kan nínú 17 ni mesothelioma máa mú lọ. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ asbestos kọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe. Ayùn ni wọ́n fi ń rẹ́ pátákó. Ìwádìí náà tún rí i pé ẹni tó bá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé ilé kan náà nígbà èwe, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Aṣọ iṣẹ́ ló ń gbé e wọlé, ẹni tó ń fọ aṣọ ló sì ń gbọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni pé asbestos aláwọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ nínú pátákó tí wọ́n ń rẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, ó sì burú ju funfun tó wọ́pọ̀ nínú pátákó oní-sìmẹ́ńtì lọ. Ìyàtọ̀ yẹn yẹ ní mímọ̀, ṣùgbọ́n kò yọ funfun kúrò ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní.

Ohun tí àwọn onílé sábà máa ń fi dáhùn ni pé baba àwọn gbé abẹ́ síìlìn yìí dàgbà, ó kú ikú àgbà, kò wúkọ́. A ò bá wọn jiyàn. Sìmẹ́ńtì tó di fọ́nrán mú kì í jẹ́ kí ó fò níwọ̀n ìgbà tí pátákó bá ṣì dá ṣáká, ìdí sì nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ torí ohun tó kà níbí sáré gun àkàbà. Ṣùgbọ́n baba yẹn kò fọ́ àjà. Káfíńtà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fọ́ ọ, láti ilé dé ilé, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi dí imú. Mesothelioma sì máa ń pẹ́ kó tó yọjú, ó sábà máa ń tó ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún. Ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ ẹni ogún ọdún ní 1990 lè má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun títí di ìsinsìnyí. Bí èémí bá wá ń há a, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí sìgá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Ta ló máa bi í pé àjà mélòó lo tú nígbà èwe? Àìgbọ́ ìròyìn irú èyí láàárín wa kò lè dúró bí ẹ̀rí pé kò sí.

Bí a bá gbà pé àyẹ̀wò yẹ, ojú lásán kò lè ṣe é. Pátákó tó ní asbestos àti èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi ṣe jọra bí ìbejì. Ẹnu káfíńtà náà kò tó ẹ̀rí, torí pé gbogbo síìlìn aláwọ̀ eérú ni wọ́n ń pè ní asbestos ní àdúgbò Pánsẹ́kẹ́, ìbáà ní in nínú, ìbáà má ní in. Ọdún tí wọ́n kan pátákó náà ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Nigerite fúnra rẹ̀ ti fi asbestos sílẹ̀ fún fọ́nrán mìíràn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, àjà tó ti wà lókè ṣáájú ọdún 2000 ni ìfura tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ jù. Ká rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́lé níbí: pálọ̀ lè ti wà láti 1978, kí bọ́ìsìkọ́tà tó wà lẹ́yìn jẹ́ ti 1994, kí wọ́n sì ti pààrọ̀ àjà yàrá kan lẹ́yìn tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀. Ẹ̀já pátákó kan tí a mú ní pálọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé.

Mímú ẹ̀já náà gba sùúrù díẹ̀. Igun tó ti sán tẹ́lẹ̀ ni ká wá, ká má dá ihò tuntun lu. Ká pa fáànù, ká kó ọmọdé jáde, ká tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Ká wọ ìbòmú, irú tí wọ́n kọ FFP3 tàbí P100 sí lára, kì í ṣe ti aláṣọ tí a lò nígbà Kòrónà. Ká fi omi tí a kán ọṣẹ olómi sí fín ojú ibẹ̀ títí yóò fi mu ún wọra, lẹ́yìn náà ká fi ẹ̀mú ká ẹ̀já tó tó ìdérí ìgò, láti ojú dé ẹ̀yìn pátákó. Inú ọ̀rá kan ni yóò wọ̀, ọ̀rá náà á tún wọ òmíràn, a ó sì kọ orúkọ yàrá àti ọjọ́ sí i. Ọ̀dà tàbí téèpù ni kí a fi dí ojú ibi tí a ti mú un. Àkísà tútù ni kí a fi nu ilẹ̀, kí àkísà náà sì wọ inú ọ̀rá tirẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Ní ilé àyẹ̀wò, máíkírósíkóòpù tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wò ó, tí oríṣi fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn. Irú ẹ̀rọ yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ òkúta ń lò, nítorí náà ibi tí ará Abẹ́òkúta ti lè kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà ni ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀.

Wọ́n á ní ìnáwó ni, ibẹ̀ sì jìnnà. Kí ló dé tí a kò kàn gbà pé ó wà níbẹ̀, ká sì ṣọ́ra? Ìbéèrè gidi ni. Ní Britain, níbi tí wọ́n ti fòfin de asbestos láti 1999, òfin 2012 wọn ní kí wọ́n yẹ ilé iṣẹ́ àti ilé ìjọba wò kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, ilé tó bá sì ti ṣáájú 2000 ni wọ́n ń fura sí títí ẹ̀rí yóò fi tú u sílẹ̀. Fún yàrá kan tàbí méjì ní Kémta àtijọ́, èrò tèmi ni pé kí a kàn gbà pé ó wà níbẹ̀: ìfura ni àyẹ̀wò mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ìfura náà ń gbówó. Ó ń béèrè omi, ọ̀rá, ìbòmú gidi àti ọjọ́ iṣẹ́ tó gùn sí i. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì oníyàrá púpọ̀, ẹ̀já mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa lè yọ gbogbo ilé kúrò nínú wàhálà yẹn, tàbí kí ó fi yàrá méjì péré tí wàhálà wà hàn.

Bí èsì bá ní ó wà, tí pátákó sì dá ṣáká, ohun tó dára jù ni ká kùn ún ní ọ̀dà, ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ PVC dandan lè ní kí káfíńtà gbé férémù rẹ̀ lé ara ògiri nísàlẹ̀ àjà àtijọ́, láì lu ihò sí i. Bí ó bá ti fọ́ tàbí tó ń jẹrà, tí kò sí ọgbọ́n mìíràn ju yíyọ lọ, kí wọ́n rin ín dáadáa, kí wọ́n fa ìṣó rẹ̀ yọ, kí wọ́n fi ọwọ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lódidi, kí wọ́n sì fi ọ̀rá nínípọn dì í ní ìlọ́po méjì. Kí oníṣẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀, kí ó rin aṣọ náà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ OGEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ká ti béèrè ibi tí wọn yóò kó o lọ, nítorí pé àṣà fífi àfọ́kù síìlìn dí kòtò ojú ọ̀nà kàn ń gbé eruku náà fún ọkọ̀ lọ̀ ni. Ìwé èsì àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ yàrá tó kàn sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀, kí ẹni tó bá jogún ilé tàbí tó rà á lè fi í han káfíńtà tirẹ̀.