Ṣé o mọ̀? Agbada gààrì àti iṣan ìmọ̀lára

Bí ẹni tó ń yan gààrì n'Ìwó bá ṣèèṣì fi ìka kan agbada gbígbóná, ọwọ́ rẹ̀ á ti fà sẹ́yìn kí ọpọlọ tó mọ̀ pé nǹkan jó o. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ náà ti wá.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára ló ń jẹ́ iṣẹ́ yìí. Ojú lásán kò lè rí i, síbẹ̀ ìrù rẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà kan! Ọ̀rá tó wé mọ́ ìrù náà ló ń mú kí ìròyìn yára. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì iṣan ló wà nínú ọpọlọ.

Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrì náà lè ba irú iṣan yìí jẹ́ bí a kò bá ṣe é dáadáa. Lọ́dún 1968, Dókítà Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, n'Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde lórí àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ kú, tó ń mú ni ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin kan dáadáa, kí omi rẹ̀ sì ro tán, kí ẹ tó yan án.