Gíláàsì Àtijọ́, Wáyà Tuntun

Nínú ẹrù tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Sango-Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, èèyàn lè rí iná àjà onígíláàsì àtijọ́. Wọ́n lẹ́wà gan-an.

Kí olùrà gbé gíláàsì náà sókè sí oòrùn: ibi tó bá ti sán á hàn bí irun tẹ́ẹ́rẹ́. Kó tún tú ìdí rẹ̀ wò. Wáyà àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ tàbí rọ́bà bò máa ń gbó, á sì máa rún. Kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ rẹ̀. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà, 120 fóòtì ni, tiwa, 230. Nítorí náà, tí iná àjà náà bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ pààrọ̀ họ́dà tí búlùbù ń wọ̀.

Búlùbù LED ló dára jù, kì í gbóná bíi ti àtijọ́. Gíláàsì tó bá ti sán, ẹ má rà á.