Irúgbìn Tí Ìtànṣán Yí Àbùdá Rẹ̀ Padà: Ǹjẹ́ Ó Léwu Fún Ẹni Tó Jẹ Ẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àyà wọn máa ń já bí wọ́n bá gbọ́ pé a ti gbé irúgbìn kan sí abẹ́ ìtànṣán átọ́ọ̀mù kí a tó gbìn ín. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé oró náà yóò bá oúnjẹ wọ inú ara àwọn àti àwọn ọmọ wọn. Ìbẹ̀rù náà nídìí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń dà pọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ní ọdún 1928, Lewis Stadler, onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, kéde pé ìtànṣán ẹ́ksíréè, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn, ń yí àbùdá ọkà báálì padà. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni DNA wà, ìyẹn àkójọ àṣẹ tó ń sọ bí ohun ọ̀gbìn yóò ṣe ga tó, ìgbà tí yóò so àti àrùn tí yóò lè kojú. Bí ìtànṣán bá gba ibẹ̀ kọjá, ó lè já okùn DNA náà. Sẹ́ẹ̀lì a máa tún un so, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í rí i so bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe yẹn ni irúgbìn náà lè fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìtànṣán kì í yan ibi tí yóò já. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú irúgbìn bẹ́ẹ̀ fi ń kú, tí òmíràn ń hù láìlágbára, tí òmíràn kò sì ní so rárá. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni yóò wúlò, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń gbin ìyẹn ní àgbìntúngbìn kí ó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ọkà báálì Golden Promise ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí igi rẹ̀ kúrú tí atẹ́gùn kì í tètè dà á wó. Ní Japan, èso péárì Gold Nijisseiki tó jáde ní ọdún 1991 ń kojú àrùn tó ń mú àmì dúdú jáde lára èso, nítorí náà oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i dín kù. Nítòsí wa, orílẹ̀-èdè Gánà gbé ẹ̀gẹ́ Tek Bankye jáde ní ọdún 1997, èyí tó dára fún gígún ní fùfú.

Ǹjẹ́ oró kù nínú wọn? Rárá. Ìtànṣán gámà tó ń ti ara kóbáltì 60 jáde dà bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà: bí a bá ti gbé àtùpà kúrò, ìmọ́lẹ̀ kì í kù sára ògiri. Kóbáltì náà, tí a dì pa sínú irin, kì í fara kan irúgbìn. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó ń dé inú àwo kì í ṣe hóró tó bọ́ sábẹ́ ìtànṣán, bí kò ṣe àtọmọdọ́mọ rẹ̀. Adùn rẹ̀ àti èròjà aṣaralóore inú rẹ̀ ló yẹ ní yíyẹ̀wò, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ fún irúgbìn tuntun èyíkéyìí.

Ọ̀ràn kejì ló tó bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́ọ̀mù tó wà ní Chernobyl ní Ukraine bú gbàmù. Níbẹ̀, eruku tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀ bà lé ewé, ó sì wọ inú ilẹ̀. Àbùdá ohun ọ̀gbìn tó wà nítòsí yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa àwọn ọmọdé lára. Màlúù jẹ koríko tí áyódíìnì 131 bà lé, àwọn ọmọdé mu wàrà rẹ̀, áyódíìnì náà sì kó jọ sínú ẹ̀yà ara kékeré kan níwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ní Belarus, Ukraine àti Rọ́ṣíà ni jẹjẹrẹ táírọ́ìdì mú. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni agbára áyódíìnì yìí fi ń dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 30 ni ti sísíọ̀mù 137, gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn sì lè fà á sókè láti inú ilẹ̀. Ní Poland, ìjọba tètè pín áyódíìnì tí kò lóró fún àwọn ọmọdé tó lé ní mílíọ̀nù 10, kí táírọ́ìdì wọn lè ti kún kí ó má baà gba èyí tó lóró.