Láti Orí Àjẹ̀ Dé Orí Ẹ̀rọ: Èdè-Ìperí fún Ìrìn Àkọ́kọ́ Ọkọ̀ Apẹja ní Odò Ọya

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Okun fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé etí òkun ni àwọn tí ń jẹ́ ẹ ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú kíkí ni orúkọ náà ti wá. Òun ni Òwé tí ó wà ní Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwòrò fi ń kí ara wọn. Ilẹ̀ òkè àti ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó sì gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò ṣàìní omi ńlá. Bí a bá gba ọ̀nà Ọbájànà jáde láti Kàbà sí ìhà ìlà-oòrùn, ilẹ̀ Òwòrò ni a óò dé, a óò sì bá Odò Ọya pàdé ní agbègbè Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Bẹ́núè ti wá dà sínú rẹ̀. Etí omi yìí ni a fẹ́ dúró sí nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a sì wo ọkọ̀ apẹja kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ sí, ní ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ jáde.

Ọkọ̀ àpẹẹrẹ ni ọkọ̀ náà. A kò fẹ́ sọ ìtàn apẹja kan pàtó. Ohun tí a ń wá ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ògbufọ̀ lè bá irú apẹja bẹ́ẹ̀ sọ tí yóò fi yé e, tí kò sì ní tàbùkù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nígbà tí a tẹ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ti ẹ̀rọ àti omi ṣì kù púpọ̀.

Ẹ̀rọ kì í ṣe àlejò ní odò yìí. Ní 1832 ni Macgregor Laird mú ọkọ̀ méjì tí ń fi ooru omi rìn wọ Odò Ọya. Quorra ni èkíní ń jẹ́. Èkejì, tí a fi irin ṣe ara rẹ̀, ń jẹ́ Alburkah, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa ń pè ní alùbáríkà. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè wá sí ìpàdé odò méjèèjì. Samuel Ajayi Crowther wà nínú ìrìn àjò náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1843, ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó to ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ìwé náà ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lórí omi yìí kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó yẹ kí ojú máa tì wá díẹ̀ pé láti ìgbà náà a kò tí ì sọ gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro wa. Ní ayé Crowther, ọkọ̀ tí a mọ̀ kò ju ti ojú omi lọ. Nígbà tí ti ojú irin dé, a sọ ọ́ di ọkọ̀. Nígbà tí ti títì dé, ọkọ̀ náà ni. Èyí tí ń fò sì di ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ bá a lọ: a ti ń wa ọkọ̀ lórí omi kí a tó máa wà á lórí ọ̀dà. Èbúté àti gúnlẹ̀ náà ti bá wọn dé ojú òfuurufú. Èdè apẹja ni ó bí èdè awakọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá padà sórí omi, kò yẹ kí apẹja máa tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì ojú títì. Àbá mi ni pé kí a fi atukọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń lo àjẹ̀, kí a sì máa pe ẹni tí ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú ní awakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn padà sílé ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọkọ̀ wa. Kí a sọ pé ó gùn ní mítà 8, ó sì fẹ̀ ní mítà 1, kí a sì fojú inú wò ó bí àpótí kí ìṣirò lè rọrùn. Kí ó tó gbéra, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó gbé e dúró lórí omi. Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ nínú kíláàsì ni pé ohun tí ó fúyẹ́ ní ń léfòó, ohun tí ó wúwo ní ń rì. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ fúyẹ́, ó sì rì; ìtì igi tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbé léfòó. Ohun tí ó fa àṣìṣe yìí ni pé a kò ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ìwúwo ni bí ilẹ̀ ti ń fa ohun kan tó. Ìki, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ki tí a fi ń sọ pé ẹ̀kọ ki, ni bí ohun tí ó wà nínú àyè kan ti pọ̀ tó. Ohun tí ìki rẹ̀ kò tó ti omi ni yóò léfòó. Agbára mi kò ká àtiyí ọ̀rọ̀ fúyẹ́ padà ní ẹnu ọjà, ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí a lé e jáde kúrò ní ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Archimedes ti kọ́ wa pé ìwúwo omi tí ọkọ̀ bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọ́dọ̀ tó ìwúwo ọkọ̀ àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ wa bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, omi tí ó tì jẹ́ kìlógíráàmù 80. Ẹ wo bí iye náà ti sún mọ́ ara ènìyàn kan tí ó gbé ẹrù díẹ̀ lọ́wọ́! Ẹ̀rọ kékeré àti epo rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù 60. Apẹja méjì lè tó 140. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200, ọkọ̀ yóò sì rì ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀. Kò burú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ tí ẹ̀rọ wà yóò rì ju iwájú lọ, tí ó fi yẹ kí a gbé àwọ̀n àti ìgèrè síwájú. Ìjàǹbá a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ẹja bá di ọkọ̀ èrò ní ọjọ́ ọjà. Mo fẹ́ kí a máa pe àyè tí ó wà láàárín ojú omi àti etí ọkọ̀ ní àlàfo etí. Bí àlàfo etí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, èrò 20 yóò gbé e mì tán, ìgbì kan ṣoṣo yóò sì parí iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹnìkan bá dìde dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tí ó gbéra láti Missa ní Ìpínlẹ̀ Kogí lọ sí ọjà Katcha ní Ìpínlẹ̀ Niger dojú dé lórí odò yìí kan náà. Òkú tí a rí kó jáde lé ní 50. Àjọ tí ń ṣe àbójútó ọ̀nà omi ilẹ̀ Nàìjíríà ní olú-iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kò sì jìnnà sí èbúté tí a dúró sí yìí. Òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí a má ṣe di ẹrù jù kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí àjù náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1876 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin lé e pé kí a fa ìlà sí ara ọkọ̀ òkun, nítorí aápọn Samuel Plimsoll. Bí omi bá ti bo ìlà náà, ẹrù ti pọ̀ jù. Ìlà ẹrù ni mo dábàá pé kí a máa pè é. Ẹni tí kò mọ ìwé lè kà á. Agolo ọ̀dà funfun kan tó fún ọkọ̀ wa, kí a sì fà á kí ó tó kan omi ní ìrìn àkọ́kọ́.

Ó ku ohun tí ó wà lábẹ́ omi. Ohun tí ń yí ní ìdí ẹ̀rọ, tí ń ti ọkọ̀ síwájú, kí ni kí a pè é? Àwọn kan ti ń pè é ní abẹ̀bẹ̀, nítorí ó jọ ọ́. Mo lòdì sí i. Abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni lára, ẹni tí ó di í mú kò sì kúrò lójú kan. Ohun tí a ń wí yìí ń ti omi sẹ́yìn kí omi lè ti ọkọ̀ síwájú, bí Newton ti là á sílẹ̀ nínú òfin rẹ̀ kẹta. Iṣẹ́ àjẹ̀ gan-an nìyẹn, yíyí nìkan ni ó fi yàtọ̀. Àjẹ̀ ayípo ni kí ó máa jẹ́. (Kí a má gbàgbé àmì ohùn o. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, àjẹ́ ni òǹkàwé rẹ̀ yóò bá nínú ọkọ̀.)

Àmì ohùn náà ni yóò gbà wá nínú ìṣòro tí ó tún le ju èyí lọ. Agbára ni a fi ń pe ohun mẹ́ta tí onímọ̀ físíìsì yà sọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí títì tàbí fífà máa jẹ́ ipá. Kí ohun tí ó wà nínú epo àti nínú oúnjẹ tí ó lè ṣiṣẹ́ máa jẹ́ okun. Kí bí iṣẹ́ náà ti yá tó sì máa jẹ́ agbára. Okun yìí kì í ṣe okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe òkun tí odò ń ṣàn lọ bá. Agbára ẹṣin 1, tí James Watt fi wọn ẹ̀rọ tirẹ̀, jẹ́ wáàtì 746. Ó tó láti gbé kìlógíráàmù 76 sókè ní mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1. Atukọ̀ tí yóò tu ọkọ̀ fún wákàtí gbọọrọ kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ̀rọ agbára ẹṣin 15 dà bí ẹni pé 150 atukọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kan láìfi ìwúwo wọn kún un. Apẹja tí ó mọ èyí kò ní yí ọwọ́ ẹ̀rọ dé òpin ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ tuntun pàápàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin inú rẹ̀ kò tí ì mọ ara wọn. A gbọ́dọ̀ fi sùúrù lò ó fún ìwọ̀nba wákàtí, bí ìgbà tí a ń fa ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè rìn. Ìkọ́rìn ẹ̀rọ ni orúkọ tí mo rí fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí òróró ń bá bẹntiróòlù wọlé pọ̀, lítà 1 òróró sí lítà 25 bẹntiróòlù ni fún wákàtí 10 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ a óò dín in kù sí lítà 1 sí 50. Iye náà lè yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ìwé tí ó bá a wá ni kí a tẹ̀ lé. Èdè òyìnbó ni a sì fi kọ ìwé náà. Ìdí nìyí tí àwa fi ń jókòó ti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ti ṣe tán. Ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa, nítorí ìrìn àkọ́kọ́ kì í ṣe ti òru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àṣà apẹja láti jáde kí ìlẹ̀ tó mọ́. Àwọn méjèèjì ti wọ ẹ̀wù ìléfòó. Àjẹ̀ àtijọ́ wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò fi í sílé. Awakọ̀ so okùn ìpẹ̀rọ mọ́ ọwọ́, èyí tí yóò pa ẹ̀rọ bí ó bá ṣubú sómi. Ó fa okùn ìtanná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ dáhùn. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wò ni omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Omi odò náà ni ẹ̀rọ ń fà sínú láti fi tutù, omi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí sì ń jẹ́rìí pé ó ń lọ geere. Omi ajẹ́rìí ni kí a pè é. Bí iyanrìn tàbí koríko odò bá dí ẹnu ìfami, ẹlẹ́rìí yóò dákẹ́, ẹ̀rọ yóò sì gbóná títí yóò fi gan.

Ọkọ̀ dojú kọ òkè odò, lòdì sí ìṣàn. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, odò fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wọn padà sọ́nà ilé. Ibí yìí ni olùkọ́ ti rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Bí ìyára ọkọ̀ lójú omi bá jẹ́ kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí odò sì ń ṣàn ní kìlómítà 5, ìyára rẹ̀ lójú ilẹ̀ yóò jẹ́ 10 ní lílọ, 20 ní bíbọ̀. Ẹni tí kò bá ya ìyára méjèèjì sọ́tọ̀ yóò rò pé ẹ̀rọ tí ń ṣọ̀lẹ ní òwúrọ̀ ti ta jí ní ọ̀sán, yóò sì sáré jù ní bíbọ̀ wálé.

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ èbúté, awakọ̀ dín eré kù. Ìgbì tí àjẹ̀ ayípo ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ lè dojú ọkọ̀ ọ̀pẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ dé. Mo ti wá orúkọ fún ìgbì yìí títí. Ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ń lò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn, kò sì dùn ún pè kíkankíkan bí a bá fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tí ó wà nítòsí. Àwọn tí ń gbé etí omi ní Òwòrò kò lè ṣàìní ohun tí wọ́n ń ké sí ara wọn nígbà tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá wà ní agbègbè náà, kí ó jọ̀wọ́ bi wọ́n, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.